Òrí àti pọ́dà Íńdíà lórí irun àdáyébá: èwo ló ń ṣíwájú, èwo ló ń kẹ́yìn?

Adùnní_4C

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Amla, brahmi, bhringraj àti shikakai, àwọn pọ́dà ewéko Íńdíà tí wọ́n ń lò fún irun, wà nílẹ̀, páálí gíráàmù 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, òrí sì wà pẹ̀lú. Irun tí a fẹ́ lò ó fún kò ní rílásà, ó dé èjìká tí a bá fà á, ó sì máa ń gbẹ gan-an ní ṣóńṣó. Àwọn kan ní ká po pọ́dà mọ́ òrí ká máa fi pa irun lójoojúmọ́, àwọn mìíràn ní ẹ̀wọ̀ ni. Ẹ bá wa là á yé: ìwọ̀n wo, ìgbà wo, kí ló sì máa ń bà á jẹ́?

OnídìríBódìjà

Ẹ kú ìkàlẹ̀, àǹtí. Ẹ má po pọ́dà gbígbẹ mọ́ òrí o. Pọ́dà wọ̀nyí kì í yọ́ nínú ọ̀rá. Ńṣe ni wọ́n máa jókòó sínú òrí, wọ́n á máa ha irun, wọ́n á sì di ìdọ̀tí sí awọ orí.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì yàtọ̀. Omi ni pọ́dà nílò kí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó jáde, tó bá sì ti ṣiṣẹ́ tán, ó gbọ́dọ̀ kúrò lórí. Òrí ní tirẹ̀ kò ní omi nínú, kò sì lè fún irun lómi. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó dí omi tó ti wà nínú irun mọ́bẹ̀ kí ó má tètè gbẹ. Bó ṣe máa tò nìyí: fọ irun, pọ́dà, ṣàn án kúrò, kọndíṣọ́nà, ṣàn án, lẹ́yìn náà òrí, nígbà tí irun ṣì tutù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi òrí pa irun kó tó gbé pọ́dà lé e ti tilẹ̀kùn mọ́ amla lójú.

Fún irun tó dé èjìká: amla ṣíbí ìjẹun 2, brahmi ṣíbí 2, bhringraj ṣíbí 1. Ẹ fi shikakai sílẹ̀ ná, ìyẹn wà fún fífọ irun. Ẹ fi asẹ́ tó kúnná jọ gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ike tàbí ti gíláàsì, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí pé wọ́n ti jọ̀ ọ́, torí igi wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ wá bu omi gbígbóná sí i, kì í ṣe èyí tó ń hó, díẹ̀díẹ̀, bíi ife kan sí ife kan ààbọ̀, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 20. Yóò fa omi, yóò le. Ẹ tún bu omi díẹ̀ sí i. Tó bá ti tutù, ẹ po oje ahọ́n erin ṣíbí 2 mọ́ ọn àti àdín àgbọn ṣíbí tíì 1. Àdín yìí kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ pín orí sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Irun gbọ́dọ̀ tutù, kó má máa kán omi. Láti ìdí irun dé ṣóńṣó ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ ká ìpín kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wé gbogbo orí. Ìṣẹ́jú 30 ti tó. Náílọ́ọ̀nù yẹn ṣe pàtàkì: pọ́dà tó bá gbẹ sórí irun máa ń fà á pọ̀, ìgbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ ni irun máa já, ẹ ó wá máa sọ pé amla ló já a.

Fífọ̀ kúrò ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ẹ tẹ orí síwájú lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn gba inú irun kọjá fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún láìfi ọwọ́ ra á. Ẹ wá da kọndíṣọ́nà lé e dáadáa, ẹ fi ìka tú u láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ tún ṣàn án. Òòyà kò gbọdọ̀ kan irun kí yanrìn-yanrìn inú rẹ̀ tó tán.

Adùnní_4C

Ẹ ṣeun gan-an. Ìṣẹ́jú 30 péré? Mo rí àwọn tó ń sùn mọ́ ọn di àárọ̀.

OnídìríBódìjà

Wọ́n á jí pẹ̀lú irun gbígbẹ. Amla ní tannin púpọ̀, èròjà kíkorò tó ń fa nǹkan pọ̀, shikakai ní saponin tó ń bó ọ̀rá kúrò, neem (ewé dongoyaro) náà ń mú irun gbẹ. Gbogbo wọn máa ń mú irun le tó bá pẹ́ jù. Làálì nìkan ló nílò wákàtí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó fún irun tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Tó bá ṣì ń le lẹ́yìn náà, ẹ dín amla kù sí ṣíbí 1 kí ẹ fi brahmi dí i.

ÌyáÌbejì_Houston

Mo fẹ́ fi kún un fún ẹni tí irun rẹ̀ máa ń ta kókó. Fenugreek, tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní methi, ló ń jẹ́ kí àpòpọ̀ yìí yọ̀. Ẹ rẹ odidi èso rẹ̀ ṣíbí 2 sínú omi ife kan di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, omi yíyọ̀ yẹn ni kí ẹ fi po amla dípò omi lásán. Ó máa ń rùn bí ọbẹ̀ kọrí fún ọjọ́ kan tàbí méjì, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹni tí kò bá rí i rà, ilá ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ilá tútù mẹ́jọ sí mẹ́wàá, gé e, sè é nínú omi ife 2 fún ìṣẹ́jú 10, fi aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì fún un nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Tó bá tutù tán, kò ní fẹ́ jáde mọ́.

ỌmọṢakí

Ọ̀rọ̀ òrí ni tèmi, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà nísinsìnyí kì í ṣe ojúlówó.

Òrí tí kò tíì gba ilé iṣẹ́ kọjá kì í funfun báláú. Èyí tó funfun tí kò sì ní òórùn kankan, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó ṣì lè dí omi mọ́ irun, àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tó wà lára rẹ̀ ti bá ìfọ̀ lọ. Èyí tí àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ bá mọ́ jù, ẹ béèrè dáadáa: wọ́n lè ti kán epo pupa sí i, wọ́n sì lè ti fi gbòǹgbò pa á láró bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Gánà. Gbòǹgbò yẹn kò ní ṣe irun ní nǹkan kan. Epo pupa ni yóò ba ìrọ̀rí yín jẹ́.

Òórùn èso àti èéfín díẹ̀ jẹ́ ti ara rẹ̀, torí wọ́n máa ń yan èso òrí kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Tó bá ń ta síni nímú bí òróró àkàrà àná, ó ti bàjẹ́, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ fi ọwọ́ ra díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́: láàárín 32 àti 38°C ni òrí ti ń yọ́, torí náà ooru ara tó láti yọ́ ọ kíákíá. Tó bá di ọ̀dà le-le sí ọwọ́, wọ́n ti lú u. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ́ ṣíbí kan lórí iná jẹ́jẹ́. Bó bá ń ta pàrà-pàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀, omi yẹn ló máa mú un hu funfun-funfun láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà lórí iná kékeré títí tí kò fi ní ta mọ́, ẹ sẹ́ ẹ gba inú aṣọ funfun mímọ́, ẹ ó rí ìdọ̀tí tó máa kù sẹ́yìn.

Kóró-kóró inú òrí kì í ṣe ìbàjẹ́. Àwọn ọ̀rá inú rẹ̀ kì í dì pa pọ̀: èyí tó le ló ń ṣáájú dì, tó bá sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni òrí ń tutù, èyí tó le náà á ti ráyè gbára jọ di kóró kí èyí tó rọ̀ tó dì. Òrí tí oòrùn yọ́ nínú ọkọ̀ tó sì tún dì fúnra rẹ̀ lálẹ́ ló sábà ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un yọ́ pátápátá, ẹ jẹ́ kó wà nínú ooru fún ìṣẹ́jú 15 sí i, kí ẹ gbé e tààrà sínú fìrísà kí ó lè dì wàrà.

Ìwọ̀n lórí irun: ṣíbí tíì kan fún gbogbo irun tó dé èjìká, ẹ rà á títí yóò fi yọ́ láàárín ọwọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó torí ibẹ̀ ló pẹ́ jù lórí, ibẹ̀ ló sì ń gbẹ jù. Kí ẹ fi díẹ̀ pa awọ orí náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ti Uganda àti Gúúsù Sudan rọ̀ ju tiwa lọ. Ẹni tó bá rà á ní London kó má rò pé wọ́n ti fi òróró lú u. Irú igi yẹn yàtọ̀ díẹ̀.

Apoògùn_Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ Ṣakí, ẹ kú iṣẹ́. Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn lórí awọ orí nìkan ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn. Awọ orí tó dá ṣáṣá, òrí díẹ̀ kò ní pa á lára. Àmọ́ orí tó ń ṣí funfun-funfun, tó ń yún, tí ìpẹ́ rẹ̀ sì ní ọ̀rá, kì í ṣe gbígbẹ ló ń ṣe é. Olú tín-ín-tín-ín kan tó ń jẹ́ Malassezia ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀rá ló sì ń jẹ. Òrí, àdín àgbọn, òróró ólífì, gbogbo rẹ̀ oúnjẹ ni fún un. Ara á tù ú fún ọjọ́ kan nítorí òrí ti lẹ ìpẹ́ náà mọ́lẹ̀, lọ́jọ́ kẹta yóò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣáńpù tó ní ketoconazole 2% ni kí ẹ lò: ẹ fi sórí awọ orí fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí ẹ tó ṣàn án, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Kọndíṣọ́nà àti òrí kó wà lórí irun nìkan, kí ó jìnnà sí awọ.

Làpálàpá orí ọmọdé, oògùn tí wọ́n ń gbé mì láti ọwọ́ dókítà ló ń wò ó. Neem kò tó, òrí kò tó. Àárín àtàrí tó ń pá, tí awọ ibẹ̀ ń dán, ẹ tètè lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, torí ibi tí ojú ihò irun bá ti dí tán, irun kò ní hù níbẹ̀ mọ́.

ỌmọṢakí

A gbọ́, apoògùn. Àwọn ìyá wa ń fi òrí pa orí ọmọ kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan o.

Apoògùn_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ò purọ́. Awọ orí tó dá ni mo ní kò burú. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń ṣí ni mo ń bá wí.

Dàda_Èkó

Ẹ̀yin tí ẹ ní dàda, àpòpọ̀ pọ́dà tó ki kì í ṣe tiyín rárá. Ó máa wọ inú dàda, kò sì ní jáde títí ayé. Ẹ ó rí i nígbà tí ẹ bá gé dàda kan, àárín rẹ̀ á dúdú bí ilẹ̀ ewé. Omi pọ́dà ni kí ẹ lò: amla tàbí bhringraj ṣíbí 2 sínú omi gbígbóná ìdajì lítà, bò ó fún wákàtí kan, jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, fi aṣọ ògì onípele méjì sẹ́ apá òkè rẹ̀ nìkan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, dà á nù. Da omi náà sórí dàda tó mọ́, ìṣẹ́jú 10, ṣàn án.

Òrí náà, ẹ rọra. Ó máa ń pọ̀ sínú dàda di funfun tó ń lẹ̀. Òróró tó fẹ́lẹ́ ló yẹ wá. Ẹni tó bá ti di bẹ́ẹ̀ fún, omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ dáadáa àti ṣáńpù tí wọ́n bu omi là, ẹ̀ẹ̀mejì léra, kí ẹ máa fún dàda náà bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́. Omi tútù kò lè yọ òrí.

ÌyáÌbejì_Houston

Fún àwọn tó ṣì fẹ́ kí pọ́dà àti òrí pàdé, òróró ni wọ́n máa gbà pàdé. Ẹ yọ agbára pọ́dà sínú òróró, ẹ sẹ́ pọ́dà kúrò, òróró náà ni ẹ ó wá po mọ́ òrí. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú amla ló ń wọ òróró o, púpọ̀ nínú rẹ̀ omi ló ń gbà á, torí náà òróró yìí kò lè rọ́pò àpòpọ̀ olómi ti Onídìrí.

Pọ́dà gíráàmù 30 (bhringraj 20, amla 10), òróró mìlílítà 250. Àwọn ará Íńdíà ń lo òróró yànmọtí tàbí àdín àgbọn. Ìgò àti ṣíbí gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú. Ẹ gbé ìgò náà sínú ìkòkò omi, kí omi dé ìdajì ìgò, iná tó kéré jù, wákàtí 2 sí 3. Òróró náà kò gbọdọ̀ ju 60°C lọ: ẹ lè fi ọwọ́ di ìgò mú ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè di í mú pẹ́. Ẹ máa rò ó ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, torí pọ́dà tó bá sùn sí ìsàlẹ̀ á jóná. Tí ẹ bá ti gbóòórùn bí ẹ̀pà tó jóná, ó ti bọ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi òróró tó kù ní ìsàlẹ̀ ìgò sílẹ̀. Ìbẹ̀ ni pọ́dà pọ̀ sí.

Ti òrí pípò: òrí gíráàmù 200, òróró yẹn gíráàmù 50. Ẹ yọ́ òrí jẹ́jẹ́, ẹ po òróró mọ́ ọn, ẹ gbé e sínú fìrísà fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 títí etí abọ́ fi dì tí àárín ṣì rọ̀. Ẹ fi míkísà kéèkì lù ú fún ìṣẹ́jú 5 sí 8. Tí kò bá wú, kò tíì tutù tó. Ẹ dá a padà sí fìrísà fún ìṣẹ́jú 10. Ìyẹ̀fun sítáàṣì àgbàdo ṣíbí tíì 1 máa ń dín ọ̀rá rẹ̀ kù lọ́wọ́.

Ibi tí ẹ ń gbé ló máa sọ ìwọ̀n òróró. Ní Èkó tàbí Kútọnu, ooru ọ̀sán á yọ́ eléyìí nínú ìgò, torí náà ẹ dín òróró kù sí 25 kí ẹ yọ́ ìda oyin gíráàmù 8 mọ́ òrí. Ní London ní oṣù kìíní, òróró 70 kò pọ̀ jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa fi ọ̀bẹ gé e.

Omi kankan, oje ahọ́n erin tútù, omi ìrẹsì: ẹ má fi sí i. Ohun tí omi bá ti wọ̀ tí kò sì ní èròjà tó ń pa kòkòrò máa bu láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibi tí kò sì tíì hàn sójú ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Vitamin E kì í pa kòkòrò o. Òróró ló ń dá dúró kí ó má tètè kan. Bákan náà, ìka tó tutù kò gbọdọ̀ wọ ìgò.

Àpòpọ̀ olómi tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dì í sínú fìrísà, tàbí kí ẹ dà á nù. Fìríìjì kò ní gbà á ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Adùnní_4C

Ẹ ṣé ò, ìyá ìbejì. Shikakai wá ńkọ́? Ṣé ó lè fọ òrí yìí kúrò?

OnídìríBódìjà

Kò lè fọ òrí tó nípọn. Saponin rẹ̀ kò lágbára tó ṣáńpù, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fọ orí pẹ̀lú shikakai lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí irun ṣì ń lẹ̀. Tí ọ̀rá bá pọ̀ lórí, ẹ fi ṣáńpù rọ̀bọ̀tọ̀ kan bó o ná, kí ẹ máa lo shikakai ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò bá fi òrí púpọ̀ sí i. Shikakai ṣíbí 3, amla ṣíbí 1, omi gbígbóná ife 2, ìdajì wákàtí, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ da omi rẹ̀ sórí awọ, ẹ fi ìka ra á. Kì í hó púpọ̀, ẹ má retí ìfóòfó.

Reetha, èso kan tí àwọn ará Íńdíà ń lò bí ọṣẹ, ló ń hó. Èèpo èso rẹ̀ 8 sí 10, sè é nínú omi ìdajì lítà fún ìṣẹ́jú 20. Ṣùgbọ́n ojú! Reetha ń ta ojú ju ṣáńpù èyíkéyìí lọ, ojú á pọ́n di ọjọ́ kejì. Ẹ tẹ orí sẹ́yìn, ẹ má tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ má sì lò ó fún ọmọdé. Nígbà tí ẹ bá sì ń jọ pọ́dà shikakai, ẹ fi nǹkan bo imú, ikọ́ àti sísín rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Apoògùn_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó ń fi ọṣẹ dúdú fọ orí, amla wúlò fún un gidigidi. Eérú inú ọṣẹ dúdú máa ń gbé pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe kan tó; 7 ni ti omi lásán, ohun tó kan kì í tó bẹ́ẹ̀) dé 9 sí 10, èyí tó ń jẹ́ kí ara irun ṣí sílẹ̀, kí ó sì máa ha. Omi amla ní tirẹ̀ máa ń kan lẹ́nu, ó sì ń pa ara irun dé. Ọṣẹ dúdú ṣíbí 1 nínú omi ife kan, fọ orí, ṣàn án. Amla ṣíbí tíì 2 nínú omi ìdajì lítà, sẹ́ ẹ, dà á sórí, ìṣẹ́jú 3, ṣàn án. Ní London níbí tí omi ẹ̀rọ kún fún ẹfun, ọṣẹ máa ń dì mọ́ irun di funfun, kọndíṣọ́nà lásán kì í yọ ọ́. Omi kíkan yìí ló ń tú u.

Ẹ má fi abọ́ irin po amla. Tannin rẹ̀ àti irin máa ń di dúdú, ọwọ́, tówẹ̀lì, ìwẹ̀ yín, gbogbo rẹ̀ á dúdú. Àwọn kan ní Íńdíà ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é nínú ìkòkò irin láti fi bo ewú.

OníLàálì

Ẹ̀ ń sọ nípa làálì lẹ́sẹ̀ kan tẹ́ ẹ sì ti kọjá. Làálì kì í bá òróró tàbí òrí lọ: ọ̀rá á bo irun, àwọ̀ kò ní mú. Kò gbọdọ̀ sí kọndíṣọ́nà lórí irun náà pẹ̀lú. Gíráàmù 100 fún irun èjìká. Ẹni tí irun rẹ̀ kún gan-an, 150. Ẹ fi omi àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, bò ó. Nínú ooru ilé wa, wákàtí 3 sí 4 ti tó kí àwọ̀ jáde. Ní yàrá tútù lókè òkun, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Tí omi pupa bá ti ń yọ lójú rẹ̀, ó ti ṣetán. Wákàtí 2 sí 4 lórí, ṣàn án. Lọ́jọ́ kìíní yóò pọ́n bí iná, ẹ má bẹ̀rù, láàárín ọjọ́ 2 sí 3 yóò wálẹ̀. Kì í kúrò lórí irun, bí ẹ bá sì ń lò ó lemọ́lemọ́, ìkákò irun á máa tú díẹ̀.

Ojúlówó làálì kan ṣoṣo ló wà: àwọ̀ pupa. Èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú tó ń mú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, PPD, kẹ́míkà aró dúdú kan, ló sábà wà nínú rẹ̀, ó ń bó awọ. Ẹ ka ara páálí: PPD, sodium picramate, barium, ẹ gbé e padà. Làálì tó bá ní iyọ̀ irin nínú lè hó kí ó sì gbóná lórí tí onídìrí bá fi bílíìṣì lé e lọ́jọ́ mìíràn, irun á jóná.

Ẹni tó fẹ́ dúdú, pọ́dà ẹ̀lú ti Íńdíà ló máa tẹ̀ lé làálì: omi lásán, iyọ̀ fínńfín, ìṣẹ́jú 15, lò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Igi ẹ̀lú tí àwọn aláró wa ń lò, ọ̀tọ̀ ni, omi eérú ni wọ́n sì fi ń pa á. Ẹ má gbé ìkòkò aró sórí.

Apoògùn_Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ kan lórí làálì tí mi ò fẹ́ kí ó fò wá: ẹ má fi kan ọmọ ọwọ́, ì báà jẹ́ orí, ì báà jẹ́ ọwọ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. Làálì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ojú á pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, ó sì lè gba ẹ̀mí. Káfúrà inú àpótí aṣọ (naphthalene) ń ṣe irú ìjàǹbá kan náà.

Gbogbo pọ́dà tí a ń sọ, orí ni wọ́n wà fún. Ẹ má pò ó mọ́ tíì mu nítorí pé wọ́n ní amla dára fún ara. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2004 lórí oògùn Ayurveda (ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà) mímu tí wọ́n ń tà ní àgbègbè Boston ní Amẹ́ríkà, 14 nínú 70 ló ní òjé, mákíúrì tàbí arsenic. Ẹ tún kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, kí ẹ dúró wákàtí 24 sí 48, kí ẹ tó gbé e sórí.

Adùnní_4C

Ẹ̀rù ba èèyàn tán o! Ẹni tó tà á ní bhringraj máa mú irun hù ní ìlọ́po méjì.

OnídìríBódìjà

Ọjà ló ń tà. Irun ń hù ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, díẹ̀ lé tàbí díẹ̀ dín. Lára eku ni wọ́n ti ṣe ìwádìí bhringraj tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ohun tí ẹ máa rí ni pé irun tó ti ń hù tẹ́lẹ̀ kò ní máa já mọ́, ó wá jọ pé ó yára. Ẹni tó ń ta neem Íńdíà fún yín lówó gọbọi náà ń rẹ́rìn-ín: ewé dongoyaro ni. Ẹ já a, ẹ sá a sí òjìji, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ ọ́.

Adùnní_4C

Mo fẹ́ di àtàṣímẹ́ǹtì ní ìparí oṣù. Ṣé kí n fi òrí pa irun dáadáa kí n tó lọ jókòó?

OnídìríBódìjà

Rárá. Pọ́dà ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, kí ó lè ráyè jáde tán. Lọ́jọ́ ìdìrun, òrí ìdajì ṣíbí tíì ní ṣóńṣó nìkan, ìdí irun kó gbẹ. Tí òrí bá pọ̀ ní ìdí, àtàṣímẹ́ǹtì á máa yọ̀, onídìrí á wá fà á le kí ó lè dúró, iwájú orí yín ló máa san gbèsè yẹn. Tí ẹ bá ti di í tán, omi amla tí ẹ sẹ́ dáadáa nínú ike afúnmi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, sórí awọ, kí ẹ sì fi omi lásán fún un tẹ̀ lé e.

Adùnní_4C

Pọ́dà tó bá ṣẹ́ kù nínú páálí ńkọ́?

ÌyáÌbejì_Houston

Ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí líle, ibi òkùnkùn, kì í ṣe balùwẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀. Bhringraj tó bá ti kúrò ní àwọ̀ ewé di àwọ̀ ilẹ̀, tàbí pọ́dà èyíkéyìí tó bá ti ṣù tàbí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀, dà á sí ìdí òdòdó. Nílé, ẹ tún wo nọ́ńbà NAFDAC kí ẹ tó sanwó.